Iṣẹ́ Dé Láti Erékùṣù: Ohun Tó Yẹ Kí Ìdílé Mọ̀ Nípa Ìlera Kí Wọ́n Tó Kó Lọ

Bí iṣẹ́ bá bọ́ sí i fún ọkọ tàbí aya ní erékùṣù kan, owó oṣù ni gbogbo ilé kọ́kọ́ máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á béèrè ilé, wọ́n á béèrè ilé ìwé ọmọ. Ọ̀rọ̀ ìlera ló máa ń gbẹ̀yìn. Àwọn mìíràn kì í rántí rẹ̀ àfi lóru ọjọ́ tí ara ọmọ bá gbóná, tí wọn ò mọ ọ̀nà ọsibítù, tí wọn ò sì gbọ́ èdè tí nọ́ọ̀sì ń sọ. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ lónìí, kí ẹ tó di ẹrù.

Erékùṣù mẹ́ta la máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Àkọ́kọ́ ni Bioko, níbi tí ìlú Malabo wà, ní orílẹ̀-èdè Equatorial Guinea. Òun ni àwọn àgbà mọ̀ sí Fernando Po. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà ló ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó níbẹ̀ láyé àtijọ́, kí ìjọba wa tó kó wọn padà wálé ní nǹkan bí ọdún 1976 nítorí ìyà tí wọ́n ń jẹ. Ìgbà tí epo rọ̀bì jáde níbẹ̀ ni iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn èèyàn wa. Ìkejì ni São Tomé àti Príncipe, tó wà ní gúúsù Bioko. Ìkẹta ni Cape Verde, erékùṣù 10 tó wà nínú òkun Àtìláńtíìkì, ní ìwọ̀ oòrùn Sẹ̀nẹ̀gà.

Gbogbo wọn ni oòrùn ń mú, gbogbo wọn sì ni òkun yí ká. Ṣùgbọ́n ní ti àìsàn, ọ̀kan kò jọ èkejì. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀.

Ibà: ẹ má ṣe sọ pé "ó ti mọ̀ wá"

Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn tó fẹ́ rìnrìn àjò ni pé, "Dókítà, ọmọ Nàìjíríà ni wá, ibà ti mọ̀ wá." Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àgbàlagbà tí ẹ̀fọn ti ń jẹ láti kékeré máa ń ní agbára díẹ̀ nínú ara tí kì í jẹ́ kí ibà tètè gbé e ṣánlẹ̀. Ṣùgbọ́n agbára yẹn dà bí ọ̀bẹ tí a ń pọ́n. Bí a kò bá pọ́n ọn mọ́, ó ń ku. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kò sì tíì ní ọ̀bẹ kankan lọ́wọ́. Aláboyún àti ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ SS náà kò gbọ́dọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ní Bioko, ibà wà síbẹ̀, irú èyí tó ń pa ọmọdé gan-an sì ni. Láti ọdún 2004 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá láti lé e kúrò: wọ́n ń fín oògùn sí ara ògiri ilé, wọ́n ń pín àwọ̀n ẹ̀fọn, wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, nínú ọmọ 100, ó ju 40 lọ tí kòkòrò ibà wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Nígbà tó fi máa di ọdún 2016, ó ti wá sílẹ̀ dé nǹkan bíi 10. Iṣẹ́ takuntakun ni, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé ibà ti tán. Wọ́n tún ti rí i pé ẹni tó bá kúrò ní Bioko lọ sí apá tó jẹ́ ilẹ̀ gbalaja lórílẹ̀-èdè náà, bí Bata, máa ń gbé ibà padà bọ̀. Bí iṣẹ́ bá ń gbé yín lọ síbẹ̀, ẹ mú àwọ̀n yín dání.

Ní São Tomé, ibà ti dín kù gan-an sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó ṣì wà.

Ní Cape Verde ẹ̀wẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kéde ní oṣù kìíní ọdún 2024 pé kò sí ibà níbẹ̀ mọ́. Ìròyìn ayọ̀ ni. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tó wà nídìí rẹ̀ fún ìdílé ọmọ Nàìjíríà: bí ẹ bá lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀, ọ̀bẹ yín ti ku. Ọmọ tí ẹ bí síbẹ̀ kò mọ ibà rí rárá. Bí ẹ bá wá sílé fún ọdún Kérésì, tí ẹ sun òru mẹ́ta pẹ̀lú ẹ̀fọn nílé ìyá àgbà, ibà lè mú yín bí ó ṣe ń mú òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mo máa padà sí èyí níwájú, torí ẹ̀mí wà nínú rẹ̀.

Ta ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ?

"Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ." Ní tèmi, bí ọmọ kékeré tàbí oyún bá wà nínú ilé, kí ẹni tí iṣẹ́ pè kọ́kọ́ dá lọ fún oṣù méjì sí mẹ́ta. Kì í ṣe nítorí owó ọkọ̀ òfurufú nìkan. Àwọn nǹkan kan wà tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi ojú ara rẹ̀ rí kí ọmọ tó dé:

• Ọsibítù tó ń gba ọmọdé tọ̀sán-tòru. Ẹ rìn ín láti ilé, ní ọ̀sán àti ní alẹ́, kí ẹ mọ iye àkókò tó ń gbà. Ẹ béèrè bóyá wọ́n lè fa ẹ̀jẹ̀ síni lára, bóyá wọ́n ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn.

• Ilé tí nẹ́ẹ̀tì wà lójú fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ bá onílé sọ ọ́ kí ẹ tó sanwó, kì í ṣe lẹ́yìn náà.

• Omi. Ṣé ti ẹ̀rọ ni, ti kànga ni, àbí táńkì ni wọ́n ń já a sí? Ṣé táńkì náà ní ìdérí?

• Ilé ìta oògùn tó ní oògùn tí ẹnikẹ́ni nínú ilé yín ń lò lójoojúmọ́.

Òjò Bioko kì í ṣe òjò eré. Abúlé Ureka tó wà ní gúúsù erékùṣù náà wà lára àwọn ibi tí òjò ti ń rọ̀ jù lágbàáyé. Ní Malabo, oṣù kejìlá sí oṣù kejì ni òjò máa ń dín kù jù. Bí ẹ bá lè mú ọjọ́, ìgbà yẹn ló sàn kí ọmọdé dé.

Abẹ́rẹ́ àti káàdì

Ẹ lọ rí dókítà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí ẹ tó lọ. Ẹni tó bá wá ní ọjọ́ mẹ́ta sí ìrìn àjò, ohun tí a lè ṣe fún un kò pọ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, ìyẹn yellow fever. Wọ́n máa béèrè káàdì rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń ti Nàìjíríà bọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni a ń gbà á, káàdì náà sì wúlò títí ayé. Àmọ́ ọjọ́ 10 lẹ́yìn tí ẹ bá gba abẹ́rẹ́ náà ni káàdì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹ lọ gbà á ní ọ́fíìsì Port Health tàbí ọsibítù tí ìjọba fọwọ́ sí. Ẹ má ṣe ra káàdì láì gba abẹ́rẹ́. Ẹ̀fọn kì í ka káàdì. Yellow fever kò sì ní oògùn tó ń wò ó ní pàtó. Abẹ́rẹ́ yẹn ni ààbò.

Oṣù kẹsàn-án ni ọmọdé ń gba tirẹ̀ ní Nàìjíríà. Bí ọmọ kò bá tíì tó bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà sọ fún yín bóyá kí ẹ dúró, kó sì kọ ìwé tí ẹ máa fi hàn. A kì í fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà rárá. Aláboyún, ìyá tó ń fún ọmọ jòjòló lọ́mú, ẹni tí ẹyin adìyẹ ń bínú sí lára, àti ẹni tí agbára ìdáàbòbò ara rẹ̀ ti rẹ̀ nítorí àìsàn tàbí oògùn, gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kí wọ́n tó gbà á.

Ẹ wo káàdì àjẹsára ọmọ yín dáadáa. Abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, ti oṣù 9, ti oṣù 15: ṣé gbogbo rẹ̀ ló pé? Èyí tí ọmọ bá ti fò, ẹ jẹ́ kí wọ́n fún un kí ẹ tó lọ. Ẹ ya fọ́tò káàdì náà sórí fóònù, kí ẹ sì mú ojúlówó rẹ̀ dání. Bí ọmọbìnrin yín bá wà láàárín ọdún 9 sí 14, ẹ béèrè abẹ́rẹ́ HPV tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ó ti wà lára èyí tí ìjọba Nàìjíríà ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 2023. Àgbàlagbà náà lè nílò ti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, ti taifọ́ọ̀dù àti ti tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Báàgì oògùn

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ikọ́ ife, wárápá tàbí tó ń lo oògùn HIV gbọ́dọ̀ mú oògùn oṣù mẹ́ta dání, nínú páálí tí wọ́n fi tà á. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà tó sọ orúkọ oògùn náà gan-an, kì í ṣe orúkọ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fún un. Orúkọ páálí yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì, ṣùgbọ́n amlodipine ni amlodipine níbi gbogbo. Ẹ má ṣe kó o sínú ẹrù tí wọ́n ń kó sí ikùn ọkọ̀ òfurufú, pàápàá insulin. Báàgì ọwọ́ ni àyè rẹ̀. Ẹ má sì gbé tramadol tàbí oògùn ikọ́ olómi tí codeine wà nínú rẹ̀ dání láì ní ìwé dókítà. Ó lè di ẹjọ́.

Ẹ fi ìwọ̀nyí kún un: ohun tí a fi ń wọn bí ara ṣe gbóná tó, paracetamol ti ọmọ àti ti àgbà, ORS, oògùn zinc, ìpara tó ń lé ẹ̀fọn, báńdéèjì, àti àwọ̀n ẹ̀fọn olóògùn kan fún ibùsùn kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ní èdè wọn lè gba ẹ̀mí là. Spanish ni wọ́n ń sọ ní Malabo, Portuguese ní São Tomé àti Cape Verde. "Paludismo" ni orúkọ ibà ní èdè méjèèjì. Ní Malabo, "Mi hijo tiene fiebre" túmọ̀ sí pé ara ọmọkùnrin mi gbóná. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, "mi hija" ni. Ní èdè Portuguese, "O meu filho tem febre" ni. "Alergia" ni ohun tí ara kò gbà. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé kékeré, pẹ̀lú orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí rẹ̀, irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àti oògùn tí ara rẹ̀ kò gbà. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ fíríìjì. Ọmọ ọ̀dọ̀ tàbí aládùúgbò lè nílò rẹ̀ bí ẹ kò bá sí nílé.

Bí ara ọmọ bá gbóná

Nílé, ọ̀pọ̀ wa ti sọ ọ́ di àṣà: ara gbóná, a ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì, ó parí. Ẹ fi àṣà yìí sílẹ̀ sí Nàìjíríà, ká tilẹ̀ sọ pé ó dára níbí. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló yẹ kó ṣáájú, láàárín wákàtí 24 tí ara ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

Ìdí ni pé ibà nìkan kọ́ ló wà. Àìsàn kan wà tó ń jẹ́ dengue, tí ẹ̀fọn mìíràn ń gbé kiri. Ẹ̀fọn ti ibà ń jẹni lóru. Ẹ̀fọn ti dengue ń jẹni lọ́sàn-án, pàápàá ní kùtù òwúrọ̀ àti ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, inú omi mímọ́ tó dúró sójú kan nínú ilé ló sì ń yé sí: táńkì tí kò ní ìdérí, táyà àtijọ́, abọ́ abẹ́ òdòdó. Cape Verde rí àjàkálẹ̀ dengue ní ọdún 2009, ó tún rí òmíràn láti ọdún 2023. São Tomé náà rí tirẹ̀ ní ọdún 2022. Àwọ̀n tí a ta sórí ibùsùn kò tó fún un, àfi kí ẹ da omi nù, kí ẹ dé táńkì, kí ẹ fi aṣọ bo ara ọmọ lọ́sàn-án.

Ara máa ń gbóná gan-an nínú dengue, orí àti ẹ̀yìn ojú á máa fọ́ni, egungun á máa roni bíi pé wọ́n nà ènìyàn. Kò sí oògùn tó ń pa kòkòrò rẹ̀. Omi mímu, ìsinmi àti paracetamol ni. Ẹ fetí sí èyí dáadáa: bí ẹ kò bá tíì mọ̀ bóyá dengue ni, ẹ má lo ibuprofen, diclofenac tàbí aspirin, torí wọ́n lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa ya. Alábùkún tí a mọ̀ nílé pẹ̀lú, aspirin wà nínú rẹ̀. A kì í fún ọmọdé ní aspirin nígbà tí ara rẹ̀ bá gbóná, ibikíbi tó bá wà.

Dengue tún ní ẹ̀tàn kan. Ìgbà tí ara bá rọ̀, láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkeje, tí gbogbo ilé ń dúpẹ́, ni ewu rẹ̀ máa ń dé. Bí inú bá ń rọ́ ọmọ gan-an, tó ń bì láìdáwọ́ dúró, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní èrìgì tàbí imú, tàbí tí ó rẹ̀ ẹ́ kọjá bó ṣe yẹ, ọsibítù ni.

Bí àyẹ̀wò bá sọ pé ibà ni, ẹ lo oògùn náà pé fún gbogbo ọjọ́ tí dókítà sọ, kódà bí ara ọmọ bá ti yá ní ọjọ́ kejì. Artemether-lumefantrine máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa bí ọmọ bá jẹ oúnjẹ tó ní ọ̀rá díẹ̀ tàbí tó mu wàrà pẹ̀lú rẹ̀. Bí ó bá bì í jáde láàárín wákàtí kan, ẹ fún un ní òmíràn. Bí àyẹ̀wò bá sọ pé kì í ṣe ibà, tí ara ṣì gbóná, ẹ padà lọ lọ́jọ́ kejì.

Ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́ bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí: ọmọ kò lè mu omi tàbí ọmú; ó ń bi gbogbo ohun tó jẹ; gìrì mú un; ó ń sùn tí ẹ kò lè jí i; ó ń mí hẹlẹhẹlẹ; àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti funfun; ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò dúdú.

Omi àti ìgbẹ́ gbuuru

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ní ìlú tuntun ni inú máa ń run ọmọdé jù. Ẹ se omi mímu títí yóò fi hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan, ẹ jẹ́ kó tutù nínú ohun tó ní ìdérí. Omi yẹn náà ni kí ẹ fi fọ ẹnu ọmọ, kí ẹ sì fi po oúnjẹ rẹ̀. Yìnyín tí wọ́n ń fi sínú ohun mímu níta, ẹ má gbà á. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò nílò omi rárá. Ọmú ìyá ni omi àti oúnjẹ rẹ̀, kò sì sí ilẹ̀ àjèjì tó lè ba ọmú jẹ́.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá dé, ẹ po ORS bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ po ṣíbí tíì 6 ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀ sínú lítà omi 1 tó mọ́. Kí ṣíbí ṣe déédéé, kó má ga sókè. Ẹ fi zinc kún un fún ọjọ́ 10 sí 14: miligíráàmù 10 lójúmọ́ fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, 20 fún èyí tó ti kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ má fún ọmọ ní oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí tí ojú ọmọ bá wọnú, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Aláboyún àti ọmọ tó ní ẹ̀jẹ̀ SS

Aláboyún tí oyún rẹ̀ kò ní ìṣòro lè wọ ọkọ̀ òfurufú títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 36. Àmọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 28, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú á béèrè ìwé dókítà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín pé: níbo ni mo ti máa bímọ? Bí wọ́n bá ní láti ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, ta ló máa sanwó? Ní ibi tí ibà wà, aláboyún gbọ́dọ̀ máa gba oògùn ìdènà ibà láti oṣù kẹrin, lóṣooṣù, bí dókítà bá ṣe ní kó lò ó. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé ìtọ́jú oyún yín dání. Kò yẹ kí dókítà tuntun bẹ̀rẹ̀ láti òkùnkùn.

Ọmọ tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde nílò omi púpọ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú, kí ẹ sì wọ aṣọ òtútù fún un. Ẹ má gbàgbé folic acid rẹ̀, oògùn ìdènà ibà rẹ̀ ojoojúmọ́, àti penicillin bí ó bá ń lò ó. Bioko ní òkè kan, Pico Basilé, tó ga ju mítà 3,000 lọ. Ó tutù níbẹ̀, afẹ́fẹ́ sì fúyẹ́. Bí wọ́n bá ń kó àwọn ọmọ ilé ìwé lọ wo orí òkè náà, kí ọmọ SS dúró sílé. Méjèèjì yẹn lè dá ìrora sílẹ̀ fún un.

Òkun àti ajá

Òkun wà níbi gbogbo ní erékùṣù, ọmọdé kì í sì í pariwo tó bá ń rì sínú omi. Kí àgbàlagbà kan wà tó ń wo ọmọ nìkan, kó má wo fóònù. Bí ìgbì bá ń fa ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ lọ sí àárín òkun, kó má bá a jà. Kó lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìbú etíkun, títí yóò fi bọ́ kúrò nínú rẹ̀, kó tó kọjú sí ilẹ̀.

Bí ajá bá bu ọmọ jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ gba abẹ́rẹ́ ìdènà àrùn dìgbòlugi lọ́jọ́ yẹn gan-an. Àrùn yẹn kì í gba ìwòsàn mọ́ bí ó bá ti fara hàn.

Ẹni tó dá lọ

Ọkọ tó wà ní Malabo, aya tó wà ní Ìbàdàn: àwọn méjèèjì ló ń dá gbé. Ìdáwà máa ń di oorun tí kò wá, ọtí tó ń pọ̀ sí i, ìbínú lórí fóònù. Ẹ yan wákàtí kan tí ẹ óò máa bá ara yín sọ̀rọ̀, tí ọmọ náà á máa rí ojú òbí rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bá ẹlòmíràn lò pọ̀ láì lo kọ́ńdọ́ọ̀mù, oògùn wà tó lè dènà HIV bí ó bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wákàtí 72 tó kọjá. Bí wákàtí bá ti ń kọjá, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń dín kù. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú gba àkókò náà. Kí tọkọtaya ṣe àyẹ̀wò kí wọ́n tó tún pàdé. Ìwà àgbà ni, kì í ṣe ìfura.

Ìwé iṣẹ́ yín

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́, ẹ wá àyè tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìlera sí. Ṣé òṣìṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń tọ́jú, àbí tìyàwó-tọmọ? Bí àìsàn bá kọjá agbára ọsibítù erékùṣù náà, ta ló máa gbé aláìsàn lọ sí ìlú mìíràn? Bí kò bá sí lákọsílẹ̀, ẹ kà á sí pé kò sí.

Ẹ tọ́jú owó pàjáwìrì ọsibítù sọ́wọ́. CFA ni wọ́n ń ná ní Malabo, ṣùgbọ́n kì í ṣe CFA ti Kùtọnu. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Equatorial Guinea àti São Tomé kò sí nínú ECOWAS bí Cape Verde ṣe wà, nítorí náà ẹ má gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọ̀ ọ́. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé máa ń bẹ̀rù àtilọ sí ọsibítù, ìbẹ̀rù yẹn sì ti pa aláìsàn rí. Bí ẹni tó ń wá iṣẹ́ fún yín bá ní òun fẹ́ gba ìwé ìrìnnà yín pamọ́, ẹ dá ọwọ́ dúró, kí ẹ sì fi tó àjọ NAPTIP létí.

Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ wálé

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n ẹ múra wíwá sílé bí ẹ ṣe múra lílọ. Ẹni tó ti pẹ́ ní Cape Verde, àti ọmọ tó bá bí síbẹ̀, gbọ́dọ̀ rí dókítà níbẹ̀ kí wọ́n tó wá sí Nàìjíríà, kó lè fún wọn ní oògùn ìdènà ibà. Ó ń bẹ̀rẹ̀ kí ènìyàn tó gbéra, kò sì í parí lọ́jọ́ tó padà. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń lò fún ọjọ́ méje lẹ́yìn ìpadàbọ̀, òmíràn jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Doxycycline kì í ṣe ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ tàbí ti aláboyún. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ yan èyí fúnra yín.

Bí ara ẹnikẹ́ni bá gbóná láàárín oṣù mẹ́ta tó kúrò ní Nàìjíríà, kó lọ sí ọsibítù, gbólóhùn àkọ́kọ́ tó máa sọ sì ni pé, "Nàìjíríà ni mo ti ń bọ̀, ẹ yẹ̀ mí wò bóyá ibà ni." Dókítà Cape Verde lè má rí ibà fún ọdún kan gbáko. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, ó lè má rántí béèrè, ọjọ́ méjì sì ti pọ̀ jù fún ibà nínú ara ọmọdé.

Bí ẹ bá ti ń di ẹrù lọ́wọ́ báyìí, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú káàdì àjẹsára ọmọ. Ẹ mú un jáde lálẹ́ yìí, ẹ wo èyí tí kò pé, kí ẹ sì mú un lọ sí ọsibítù tó bá sún mọ́ yín lọ́la.